Ohun Tó Wà Lára Aṣọ Ìnumọ́tò Afínjú

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé inú mọ́tò àwọn ẹlòmíì ló ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Kì í wa mọ́tò o; kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Fífọ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ilé epo kan ní oríta, níbi tí wọ́n da kọnkéré sí tí wọ́n sì fi páànù bò lórí, àwọn ọkùnrin méjì a máa fi omi fọ ara mọ́tò, òun a sì kó sínú rẹ̀ bí ẹni tó wọ yàrá ara rẹ̀. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé. Afínjú ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé orúkọ náà ò yẹ ẹ́.

Ẹ fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò yín fún ìdajì wákàtí péré, yóò mọ̀ bóyá ẹ ní ọmọ kékeré, bóyá ẹ máa ń jẹun lórí ìrìn, bóyá ẹ̀yin àti ìyàwó yín ṣì ń bá ara yín sọ̀rọ̀, nítorí ìjókòó tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí kì í ṣá. Kì í sọ ohun tó bá rí fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ìwé mẹ́fà péré ló kà kí bàbá rẹ̀ tó kú, ṣùgbọ́n “kí ló dé?” kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ látìgbà náà. Olùkọ́ rẹ̀ sọ nígbà kan pé ọmọ yìí yóò bi ikú pàápàá léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: búrọ́ọ̀ṣì méjì, ẹ̀rọ kan tó ń fa ekuru, korobá kan, àti aṣọ ìnumọ́tò aláwọ̀ ìyeyè kan tó gé lára táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́. Aṣọ yìí rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Òun ló fi ń nu sítíárì, òun ló fi ń nu jíà, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti irin bẹ́líìtì. Tó bá ti dọ̀tí, á rì í bọnú korobá, á fún un, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Nínú omi korobá náà, á ro oògùn apakòkòrò ìdérí ìgò kan sí i. Òórùn rẹ̀ a gba gbogbo mọ́tò. Lójú Afínjú, ibi tí òórùn yẹn bá dé, kòkòrò ti kú níbẹ̀ nìyẹn.

Lára àwọn tó máa ń wá ní gbogbo Sátidé ni Màmá Awakọ̀. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ń fi bọ́ọ̀sì kékeré tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ gbé ọmọ mẹ́rìnlá lọ sílé-ìwé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dé, ó pa bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ pe Afínjú.

“Afínjú, ọ̀rọ̀ kan ń yún mi lẹ́nu, mi ò sì fẹ́ kó dùn ọ́.”

“Ẹ sọ ọ́, màmá. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dẹ́nu kì í padà sínú mọ́.”

“Tó o bá fọ bọ́ọ̀sì yìí ní Sátidé, tó ń ta sánsán bí ilé ìyàwó tuntun, tó bá fi máa di Túsìdé, méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mi ni yóò máa bì. Ọ̀sẹ̀ tí mi ò bá ráyè wá, ara wọn á le koko. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin báyìí. Mi ò sọ pé ìwọ ni o. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó ń fọ ara mọ́tò gbọ́, ó pòṣé. “Ẹ ò rí nǹkan! Ṣé ìmọ́tótó ló wá di májèlé?”

Ẹlòmíì ì bá bínú. Ó dun Afínjú lóòótọ́, ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti gba ipò ìbínú kó tó jókòó. “Lẹ́ẹ̀mẹ́rin?” ló wí. “Màmá, ẹ̀yin àti ta ni ẹ máa ń jọ tò láàárọ̀ Sátidé?”

“Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Mọ́tò ilé ìwòsàn tó ń gbé aláìsàn yẹn ló máa ń wà níwájú mi.”

Afínjú wo korobá rẹ̀. Ó wo ọ̀nà tí mọ́tò ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jáde. Kò fọ inú bọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí màmá fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Afínjú lọ bá a nílé. Kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Kòkòrò tí ojú ò rí yìí, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó wà?”

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kí mi ná! Oúnjẹ la máa ń gbé sílẹ̀ fún un. A ní àwọn abọ́ pẹlẹbẹ onídèérí, ohun kan tó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ ló wà nínú wọn, oúnjẹ kòkòrò nìyẹn. Ẹ ó fi òwú nu ibi tí ẹ bá ń fura sí, ẹ ó fi òwú náà pa abọ́ lójú, a ó wá gbé e sínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ ò rí lónìí, tó bá fi máa di ọ̀túnla á ti bí ọmọ, á bí ọmọ ọmọ, ẹ ó wá rí gbogbo ẹbí.”

“Jẹ́ kí n rí wọn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, abọ́ ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe tèmi.”

“Bi ọ̀gá rẹ. Abèèrè kì í ṣìnà.”

Ọ̀gá náà gbà. Ó ní kí ó mú mẹ́fà tó ti fẹ́ bà jẹ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ìyá méjì yìí dúró sídìí bọ́ọ̀sì Màmá Awakọ̀ pẹ̀lú òwú àti abọ́. Wọ́n nu sítíárì, wọ́n nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n nu irin bẹ́líìtì, wọ́n nu etí ìjókòó tí àwọn ọmọ máa ń dì mú, wọ́n nu ilẹ̀ tí wọ́n ń fi bàtà tẹ̀. Abọ́ kan ṣẹ́ kù.

“Kí la fẹ́ fi èyí ṣe?” ni àbúrò rẹ̀ bi í.

Afínjú fa aṣọ ìyeyè rẹ̀ yọ nínú korobá, ó fún un, ó nà án sí i. “Fi òwú nu aṣọ tèmi náà. Ó yẹ ká ní ọ̀kan tó mọ́, ká lè máa fi wé àwọn yòókù.”

Ní Túsìdé, bó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ báyìí, ilé ìwòsàn ló gbà lọ. Àbúrò rẹ̀ fún un ní aṣọ funfun kan wọ̀, ó to abọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì, ó sì pàṣẹ pé kó má ṣí ìdérí kankan. Ti sítíárì ní tótòtó bíi kóró ata, ó pọ̀ díẹ̀. Ti ilẹ̀kùn àti ti etí ìjókòó náà rí bẹ́ẹ̀. Ti irin bẹ́líìtì pọ̀ jù wọ́n lọ. Afínjú káwọ́ mọ́yà, ó ní òun mọ̀, nítorí ta ló máa ń rántí irin bẹ́líìtì? Ti ilẹ̀ bọ́ọ̀sì ní èyí tó hu irun funfun bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ó wá dé orí ìkẹfà. Kò sí tótòtó kankan níbẹ̀, torí kò sí àyè tí ó ṣófo rárá. Ohun kan tó ń dán, tó ń fà, bo abọ́ náà láti etí dé etí.

“Pàǹtí wo lo ti rí èyí?”

Àbúrò rẹ̀ fà á ní àga. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Aṣọ yín ni.”

Afínjú jókòó. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òun tó ń fi ọdún mọ́kànlá lé ọ̀tá kúrò nínú mọ́tò, ọwọ́ òun ni ọ̀tá náà ń gùn wọlé! Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ rò pé ó fẹ́ sunkún, ó ti ń wá ohun tí yóò fi tù ú nínú, àfi bó ṣe tẹ̀ síwájú tó fi imú kan ìdérí abọ́.

“Kí ni wọ́n ń jẹ lára aṣọ mi?”

“Òógùn ọwọ́ èèyàn. Èérún bisikí. Omi wà níbẹ̀, ooru wà níbẹ̀. Kòkòrò tó rí gbogbo ìyẹn, kí ló tún ń wá?”

“Oògùn tí mò ń dà sómi ńkọ́?”

“Ìdérí kan nínú korobá omi ìdọ̀tí, ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á fi wẹ̀ ni. Ohun kejì, tí ẹ bá fi nu nǹkan, ṣé ẹ máa ń dúró kí ó ṣiṣẹ́?”

“Kíá ni mo máa ń nù ún gbẹ. Kó lè dán.”

“Ó dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tó sì sá lọ kí onílé tó dáhùn. Ó gbọ́dọ̀ tutù níbẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò. Kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Ọṣẹ ló ń ṣáájú.”

Afínjú bi í bóyá àwọn wọ̀nyí ló ń mú àwọn ọmọ bì. Àbúrò rẹ̀ mi orí. Ó ní òun ò lè búra. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú abọ́ kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, àti pé ohun tó ń mú ọmọ bì lè kéré débi pé kò ní í hù nínú irú abọ́ yìí rárá. Ohun tí òun lè sọ ni pé aṣọ tó lè gbé èyí kiri lè gbé èyíinì náà.

Nílé, ọkọ Afínjú tó jẹ́ káfíńtà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ jìnnà sí i. “Má fọwọ́ kàn mí o, ìyàwó mi. Mi ò mọ mọ́tò tó o ti ń bọ̀.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n Afínjú kò jẹun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá Awakọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó lè dákẹ́, kó kàn tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ta ni yóò mọ̀?

Nígbà tí Sátidé dé, kò dúró kí obìnrin náà pa mọ́tò tán. “Màmá, aṣọ mi ni. A ò mọ̀ bóyá òun ló ṣe àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló dọ̀tí jù nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò. Mọ́tò aláìsàn ni mo máa ń fi nù kó tó kan tiyín. Ẹ má bínú.”

Màmá Awakọ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Ìwọ lo wádìí ara rẹ, ìwọ lo tún ń fẹjọ́ ara rẹ sùn?”

“Mo fẹ́ mọ̀ ni, mà.”

“Mo wá ń bínú sí ta ni nígbà yẹn? Wọlé, kí o fi bó o ṣe fẹ́ máa ṣe é hàn mí.”

Ọ̀gá tó ni ibi ìfọmọ́tò náà ni kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ó rí mọ́tò kan tó ṣílẹ̀kùn kalẹ̀ gbayawu, tí Afínjú dúró tì í, tó ń wo aago. “Kí lò ń ṣe?”

“Mò ń dúró dè é ni, ọ̀gá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n kọ sára ìgò.”

“Mọ́tò la ń fọ̀ níbí o, a kì í ṣe iṣẹ́ abẹ!”

Ó tún wá bá a pé Afínjú, nínú ìtara rẹ̀, ti dán bílíìṣì wò lára ìjókòó. Mọ́tò ta ni? Mọ́tò ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ funfun báláú lórí aṣọ dúdú. Ariwo tó ta lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń ra epo yọjú wò ó. Afínjú kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí inú ọ̀gá rọ̀ díẹ̀, ó tọrọ oṣù kan péré láti fi dán ọ̀nà tuntun yìí wò. Ọ̀gá ní oṣù kan ni o, kò gbọdọ̀ lé ọjọ́ kan.

Afínjú gé táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sí wẹ́wẹ́. Mọ́tò kan, aṣọ kan. Ti ilẹ̀ lọ́tọ̀, ti ibi tí ọwọ́ ń kàn lọ́tọ̀. Ọṣẹ á kọ́kọ́ gba iwájú, oògùn á tẹ̀ lé e, òun á sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún náà fa ekuru ibòmíì kí ọ̀gá má baà rí i pé ó dúró. Tó bá kan bọ́tìnnì rédíò, ara aṣọ ló ń fín oògùn sí, kì í fín in sára bọ́tìnnì. Ìrọ̀lẹ́, á fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ, á sá wọn lọ́tùn-ún lósì sórí okùn títí wọ́n á fi gbẹ. Oṣù náà kò tíì pé tí àbúrò rẹ̀ fi gbé abọ́ méjì mìíràn wá. Wọ́n nu sítíárì bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, wọ́n nu aṣọ tó gbẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ti aṣọ kò hu nǹkan kan. Ti sítíárì hu tótòtó mẹ́ta.

“Mẹ́ta péré!” ni àbúrò rẹ̀ ń pariwo.

“Àwọn mẹ́ta yìí,” ni Afínjú wí, “ta ni wọ́n? Kí ló jẹ́ kí wọ́n yè é?”

Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì kò bì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní ìkẹfà, ọ̀kan bì, Màmá Awakọ̀ sì sáré wá ròyìn pé ẹ má wulẹ̀ wádìí, súìtì odindi páálí kan ni ọmọ náà dá jẹ. Awakọ̀ ilé ìwòsàn gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lọ sọ fún àwọn ọ̀gá tirẹ̀. Ní báyìí, mọ́tò aláìsàn ló máa ń kẹ́yìn ní Sátidé. Ọ̀gá wọn kò sọ̀rọ̀ oṣù kan mọ́. Ó kàn ra aago ńlá kan, ó gbé e kọ́ sára ògiri, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Afínjú wà nínú mọ́tò kan tí ẹni tó ni ín tan ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ lù ú lójú, òórùn bí aṣọ tó bu sì wà nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ dí ihò náà, ó ṣí i, ó tún dí i. Ó pe mẹkáníìkì tó wà lódìkejì títì.

“Atẹ́gùn tó ń jáde níbí, níbo ló ń gbà wọlé?”

Mẹkáníìkì tú ike kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa asẹ́ pẹlẹbẹ kan yọ. Ó ti dúdú, ewé gbígbẹ há sí i, àti ìyẹ́ ẹyẹ kan tí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe débẹ̀. Ó fẹ́ jù ú nù.

“Má jù ú o!” Afínjú ti na ọ̀rá mímọ́ kan sílẹ̀. Ó gbà á, ó di ẹnu ọ̀rá náà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀rá náà lórí itan rẹ̀.