Ṣòkòtò Sójà tí Ìyá Jesse Rán

Lẹ́yìn Ọlọ́run, kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ Adébùnmí, tí à ń pè ní Ìyá Jesse, tó èmi Adésànmí. Èmi ni mo bá a wá ṣọ́ọ̀bù ní Troyeville, ní Johannesburg níbí. Èmi náà ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan léjìká ọ̀tún, ọ̀kan léjìká òsì, tí àwọn géńdé dúró tí wọ́n ń wò mí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Sùtánà àwọn Aládùúrà ló ń rán, kò sì sí ìjọ kan ní àdúgbò Berea tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀, nítorí kì í ránṣọ láì fi àyè sílẹ̀ nínú. Bí o bá sanra, bí o bá lóyún, bí ọmọ rẹ bá ga, á tú ojú rírán náà, aṣọ á sì tún gbà ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ a máa sọ pé aṣọ tí kò ní àyè nínú, aṣọ ẹni tó fẹ́ kú lọ́la ni.

Ìgbà náà ni Mandla dé, ọmọ Soweto kan tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Ó ní ìjọba ń kó sójà lọ síbi tí ogun wà lókè òkun, wọ́n ń wá ṣòkòtò, kí Ìyá Jesse wá rán lára rẹ̀. Obìnrin náà sáré tọ̀ mí wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀dí ọrọ̀ ajé ní Johannesburg, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Mi ò jókòó ní kíláàsì rí, ṣùgbọ́n mo ti pa ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì lẹ́nu mọ́ nínú táàsì, kí a tó ti CBD láàárín ìlú dé Berea, tí dẹ́rẹ́bà sì kọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ìyá Jesse, owó tí ìjọba bá fi la títì, títì á wà níbẹ̀ lọ́la, ọlọ́jà á gba orí rẹ̀ kọjá. Owó ìbọn, bí wọ́n bá ti yìn ín, ó tán. Ìlú kì í ti ibẹ̀ dàgbà."

Ó ní, "Bàbá, ṣé ìbọn ni mo fẹ́ rán? Ṣòkòtò ni. Bí mo bá jẹ, ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún mi náà á jẹ. Àbí ìyẹn kì í ṣe ìdàgbàsókè?"

"Ẹ ó jẹ títí wọn ó fi ní ó tó. Ìkórè ń bọ̀, àwọn akọrin tó fẹ́ rán sùtánà lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Kí Tawakalit, aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi, bá wọn rán ti ọdún yìí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fẹnu kan owó ìjọba. Ṣé àwọn tó ń jẹ ẹ́ sàn jù mí lọ ni?"

Ó dá àwọn akọrin padà pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́ wọn. Ó jókòó ti ṣòkòtò. Mo rí iṣẹ́ náà, kò sí ọ̀gágun kan ní gbogbo Áfíríkà tó wọ irú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ nìkan ni mi ò yẹ̀ wò.

Mandla kó wọn lọ. Nígbà tó padà dé, gbogbo rẹ̀ ló dà sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù.

"Eish, Mama. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yí inú rẹ̀ síta. Ó ní etí rírán náà fẹ̀ jù, kò bá ìwọ̀n wọn mu."

"Àyè ni mo fi sílẹ̀. Bí sójà náà bá sanra ńkọ́?"

"Mama, sójà kì í sanra lójú ogun."

"Ṣé kò ní padà wálé ni?"

Mandla bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọ̀kan nínú àwọn ṣòkòtò náà.

Ìyá Jesse ní, "Jẹ́ kí n gé e kù nígbà náà."

"Kò wúlò mọ́. Wọ́n ti dín owó aṣọ kù, ọta àti epo ọkọ̀ ogun ni wọ́n fẹ́ fi rà. Ẹ̀sùn ni wọ́n kàn ń wá. Bí kì í bá ṣe inú ṣòkòtò, wọn ì bá ní bọ́tìnnì ló wọ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Jesse lọ bá Fèyíkẹ́, ìyá àgbà tó ń darí àwọn akọrin ní Berea. Ó ní iṣẹ́ ìjọba ti parí, kí wọ́n máa kó aṣọ wọn bọ̀. Fèyíkẹ́ ti wọ sùtánà tuntun.

"A ò bínú sí ọ, Ìyá Jesse," ló wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, o ní ká máa lọ. Mùsùlùmí ni Tawakalit, kò lé wa."

Ṣọ́ọ̀bù Troyeville ti bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Jesse, kò rí owó rẹ̀ san mọ́. Ọ̀dọ̀ Tawakalit ni Ìyá Jesse ti ń ránṣọ báyìí, nídìí ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn aṣọ nìkan ni wọ́n ń gbé fún un. Mo yà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ọkùnrin ọ̀mọ̀wé kan ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò pé bí ìjọba bá fi kún owó ológun, ọrọ̀ ajé á búrẹ́kẹ́. Mo ti la ẹnu láti fi èsì tí kò ní gbàgbé láyé bọ̀ ọ́ lọ́rùn, ni Ìyá Jesse na ọwọ́, ó pa rédíò.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn."

Tawakalit kígbe látinú yàrá, "Ta ló pa rédíò mi?"

Ìyá Jesse tún na ọwọ́, ó tàn án. Ọkùnrin náà ṣì ń sọ̀rọ̀.