Aṣọ Funfun Nínú Yàrá Ìmọ́lẹ̀

Ìjọ ló kọ́ mi níwèé. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Òkokomáíkò wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa, ògiri kan náà ni wọ́n jọ ní. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn àgbà ìjọ sọ pé ìwé mi kò ní dúró, kò sì dúró. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀rù ló ń mú mi gbọ́ràn sí ìjọ lẹ́nu. Oore ni mo mọ̀.

Aláṣọ funfun ni wá. Bí a bá wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà. Aṣọ dúdú kì í sì í kan ara wa rárá, ì báà jẹ́ níbi òkú.

Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì nínú físíìsì ní Ọ̀jọ́, mo sì gba yàrá kan sí Ìbà. Ọ̀gá mi, obìnrin olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi, ti kàwé lókè òkun. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n fún un ní àwọn ti àtijọ́. A tò wọ́n sórí tábìlì irin nínú yàrá ìsàlẹ̀ kan tí a fi páálí àti aṣọ dúdú dí fèrèsé rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro ṣàlàyé, bó tilẹ̀ ṣòro ṣe. Ẹyọ ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń wá, bí ẹ̀wà tí a ń dà sínú àwo. Fótọ́ọ̀nù là ń pe ẹyọ kan. A máa ń tan iná lésà aláwọ̀ àlùkò sára òkúta kékeré kan tó mọ́ bíi gíláàsì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà á kàn kọjá lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan á pín sí méjì nínú òkúta yẹn, ìbejì á sì jáde, pupa tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Táyé á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń ka fótọ́ọ̀nù, á kanlẹ̀kùn, a ó sì mọ̀ pé Kẹ́yìndé ń bẹ lójú ọ̀nà. Kẹ́yìndé á dé ibi dígí kan tó ń jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá, tó sì ń yí ìdajì padà. Ẹ̀rọ kíkà kọ̀ọ̀kan wà ní òpin ọ̀nà méjèèjì. Bí Kẹ́yìndé bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lóòótọ́, kò lè kan ilẹ̀kùn méjèèjì pọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ àtùpà lásán kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn á máa kan méjèèjì pọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nọ́ńbà kan ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ ìyàtọ̀ fún wa. Bó bá wà ní ọ̀kan tàbí tó ju ọ̀kan lọ, ìmọ́lẹ̀ lásán là ń wò. Bó bá wálẹ̀ dáadáa sún mọ́ òdo, Kẹ́yìndé ni. Gbogbo oyè mi rọ̀ mọ́ nọ́ńbà yẹn. Olùdánwò kan ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì ti sọ fún ọ̀gá mi pé òun kò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ tí òun kò bá fojú ara òun rí. Wọ́n ti fún mi ní àfikún àsìkò tán. Bó bá lọ láìfọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀rù kò bà mí, torí ó ti pẹ́ díẹ̀ tí nọ́ńbà náà ti ń wálẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, ìyá wòlíì ìjọ wa pè mí lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní a-b-d. Wọ́n ní, "Ẹ̀mí ní kí o wọ sùtánà láti ọ̀la, títí ìdánwò yẹn á fi parí. Ibi yòówù kó o wà lójúmọmọ, funfun ni kí wọ́n bá lọ́rùn rẹ."

Mo ní, "Àmín, Màmá."

Ní ọjọ́ Ajé, mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbà láìwọ bàtà. Ọ̀gá mi wo ẹsẹ̀ mi títí.

"Ṣọ́ọ̀ṣì lo ń lọ ni, àbí lábù?"

"Méjèèjì ni, Mà."

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ ó dé ọ̀run láìní bàtà."

"Wọn ò ta bàtà lọ́hùn-ún, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá mú ẹní kan wá pé kí n máa tẹ̀ ẹ́, kí n má lọ tẹ àfọ́kù gíláàsì.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni nọ́ńbà gbéra. Ó sún mọ́ ọ̀kan, kò sì fẹ́ wálẹ̀ mọ́. A nu dígí. A tún òkúta tò. A yọ wáyà, a tún un kì bọ̀. Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìmọ́lẹ̀ àtùpà lásán ló kù lọ́wọ́ wa.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí aago méjìlá lù, mo jáde lọ gbàdúrà ọ̀sán lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, mo sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa kà lọ. Nígbà tí mo padà wá wo ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀, ó wálẹ̀! Bí mo ṣe jáde ló ti wálẹ̀. Mo kọrin. Mo jókòó láti máa wò ó, ó tún gòkè. Ní aago mẹ́ta, mo tún jáde lọ gbàdúrà, ó tún wálẹ̀. Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì.

"Mà, àdúrà ló ń ṣe é. Bí mo bá ti gbàdúrà báyìí, ó ń dára."

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n. Wọn kò rín mi fín. Wọ́n tẹ̀lé mi wọ yàrá náà, wọ́n ní, "Ó dáa, gbàdúrà níbí kí n rí i."

Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní, mo gbàdúrà tọkàntọkàn. Nọ́ńbà kò mira.

"Ó yá, bọ́ síta, má gbàdúrà o. Kàn dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Mo dúró síta láìsọ nǹkan kan. Ohùn wọn jáde sí mi láti inú òkùnkùn: "Ó ti wálẹ̀! Padà wá." Mo wọlé. "Ó ti gòkè. Ìwọ ni!"

Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ló wà lọ́rùn mi. Ọ̀gá mi mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, irú èyí tí àwọn oní-POS fi ń yẹ owó wò, iná àlùkò bíi ti lésà wa. Wọ́n tàn án sí mi láyà. Sùtánà mi tàn yòò bí ìgbà tí òṣùpá bọ́ sínú yàrá. Ọṣẹ ìfọṣọ àti búlúù tí a fi ń fọ̀ ọ́ kí ó lè funfun kíní-kíní máa ń gba iná àlùkò, á sì sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ mìíràn. Gíláàsì pupa tó wà lẹ́nu àwọn ẹ̀rọ kíkà láti dènà ìmọ́lẹ̀ mìíràn, ti kámẹ́rà àlòkù tí a rà ní Àlàbá ni. Kò lè lé gbogbo rẹ̀ padà. Ìwọ̀nba lésà tó ń ta yọ sí mi lára ni aṣọ mi ń dá padà, tí àwọn ẹ̀rọ sì ń kà á mọ́ ìbejì.

"Ọṣẹ lásán ni, Mà," ni mo sọ, torí ó dùn mọ́ mi pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Wọ́n na ẹ̀wù kan sí mi. "Gbà, wọ èyí lé e lórí." Dúdú ni.

"Mi ò lè wọ dúdú, Mà."

"Bọ́ funfun nígbà náà."

"Wọ́n ní títí ìdánwò á fi parí ni."

Wọ́n jókòó. Ó rẹ̀ wọ́n. "Ọmọ yìí, ṣé o mọ ìgbà tí mo ti ń lé ẹ̀rọ wọ̀nyí kiri kí wọ́n tó dé ibí? Bó o bá kùnà, èmi náà kùnà. Lọ bá màmá rẹ yẹn sọ̀rọ̀."

Mo lọ bá ìyá wòlíì ní Òkokomáíkò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọ́n sì ní, "Bí èmi ni mo sọ ọ́, ǹ bá ní kí o bọ́ ọ. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n bu ẹ̀pà fún mi pé kí n máa jẹ ẹ́ lọ.

Mo jẹ ẹ̀pà náà títí mo fi dé Ìbà, mo sì ń rò ó. Kò sí ẹni tó ní kí n jókòó ti ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo wà níta gan-an ló ń ṣe dáadáa. Bí ẹ̀rọ bá lè kà láìsí mi, kí ni mò ń wá nínú yàrá?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí Àlàbá, mo ra wáyà gígùn fún ẹ̀rọ kíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní kí oníwáyà gé wọn dọ́gba-dọ́gba, torí bí ti Táyé bá gùn ju ti àwọn yòókù lọ, ìròyìn rẹ̀ á pẹ́ dé. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ọkùnrin náà. Ó wọ̀n ọ́n, mo ní kò tíì dọ́gba. Ó tún un gé.

"Àǹtí, ṣé àwọn ìbẹta lẹ fẹ́ pín in fún ni, tí wọ́n á fi jà sí i?"

A ti wáyà gba abẹ́ ilẹ̀kùn, a gbé kọ̀ǹpútà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ńbà wálẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, olùdánwò dé, bàbá arúgbó kan tí wọ́n múra Jímọ̀ wá: agbádá funfun, fìlà funfun. Ọ̀gá mi wo èmi, èmi náà wò wọ́n. Bàbá mú ọ̀nà ilẹ̀kùn pọ̀n.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má wọlé."

"Kí ló dé? Mo ti ọ̀nà jíjìn wá wo ilẹ̀kùn ni?"

"Ẹ jọ̀wọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà hàn yín níta ná. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọlé, kí àwa máa wò ó níbí."

Wọ́n bojú jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n wo kọ̀ǹpútà. Ó wà nílẹ̀. Wọ́n wọlé. Ó gòkè. Wọ́n jáde, ó wálẹ̀. Wọ́n tún wọlé láìsọ fún wa, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwa ló ń yí i. Ó tún gòkè. Nígbà tí wọ́n padà jáde, wọ́n wo sùtánà mi, wọ́n wo ara tiwọn, wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n ká a lé àga, wọ́n wọlé pẹ̀lú bùbá aláwọ̀ búráùn abẹ́ rẹ̀, wọ́n ká fìlà sápò. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà kò kúrò nílẹ̀.

Wọ́n jáde, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Fótọ́ọ̀nù ẹyọ kan lẹ ní níbẹ̀ lóòótọ́," ni wọ́n wí. "Màá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ yìí, wàá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, kí ẹlòmíràn má fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko nu dígí."

Mo dojú bolẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo fi iwájú orí kan sìmẹ́ńtì, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn bàbá náà lókè orí mi.

"Dìde, ọmọ mi. Ìbéèrè ṣì kù tí mo fẹ́ bi ọ́."

Mo dìde. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀.