Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Pípọ́n Tó Wà Nínú Ahéré Ráfíù

Láti àárọ̀ ni òórùn dòdò ti ń gba ojú fèrèsé mi wọlé: epo pupa, ata gígún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà. Ẹlòmíì á ti máa dá itọ́ mì. Èmi ń bínú ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra dòdò Ìkirè nínú ọ̀rá lójú títì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òórùn yìí ti fà fún wa rí.

Ìyá wa ló ń dín in tà lọ́jà Àpòmù nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ líle ò ṣe é fi dín in, àfi èyí tí èèpo rẹ̀ ti dúdú. Inú ahéré ní oko bàbá wa ní Ìkirè-Ilé la máa ń kó o jọ sí, a ó fi ewé bò ó títí di ọjọ́ ọjà. Mo fẹ́ràn ahéré yẹn. Ó tutù, oyin a máa kùn níbẹ̀, àbúrò mi Ráfíù a sì sùn lé orí àpò, tòun ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jí jẹ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òórùn bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Ó ń wọ igbó lọ, erin sì ń gbọ́ ọ.

Àwa la pè é wá, àwa náà la tún pè é lólè. Abo erin kan tẹ̀lé òórùn náà dé, ó fi ọwọ́jà ya ahéré, ó ń jẹun jẹ́jẹ́. Bàbá wa ránṣẹ́ pe ọdẹ. Orí òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni wọ́n yìnbọn pa á sí. Gbogbo abúlé ń pín ẹran, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọmọ erin náà ń yí ahéré ká, ó ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há. A ò mọ ibi tó gbà lọ. Ìyá wa ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù, ó dín in tà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kó àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó àti àwa àgbẹ̀ jọ sí Àpòmù, wọ́n kọ́ wa bí a ó ṣe dáàbò bo àwọn erin tó kù lẹ́yìn Orílẹ̀-Òwu. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní kí á máa kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n wálé, kí á jó ata gbígbẹ létí oko kí èéfín rẹ̀ lè lé erin, kí á pe ẹ̀ṣọ́, kí á má pe ọdẹ. Ráfíù dáhùn ìbéèrè, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó gba fìlà ọ̀fẹ́. Àgbàyà! Lánàá mo dé oko rẹ̀ lẹ́bàá igbó ìjọba, mo bá ahéré tó kún bámú fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ipasẹ̀ erin létí oko, àti ọdẹ tó gbé ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń dúró de erin.

"Ráfíù, kí ni wọ́n kọ́ wa ní Àpòmù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ líle ni kí ìyàwó mi fi dín dòdò ni?"

Mo fóònù àwọn ẹ̀ṣọ́ níṣojú rẹ̀, ọdẹ sì gbé ìbọn rẹ̀, ó lọ. Mo pe àwọn ọlọ́kadà, wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wá sílé mi, kò ku ẹyọ kan.

Ìyàwó Ráfíù ló ń dín in lẹ́yìnkùlé mi láti àárọ̀. Ráfíù ò kí mi. Kó má kí mi. Ayé ti yí, ọ̀nà ti dé oko, ẹ̀ṣọ́ ti wà tí èèyàn lè pè. Ojúkòkòrò tiwa ni ò yí, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ pè mí lẹ́ẹ̀kan yìí. Wọ́n ní erin náà dé ahéré ní ìdájí, kò rí nǹkan kan jẹ, ó padà sígbó. Wọ́n ní ipasẹ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ní àlọ àti ní àbọ̀.