Àwo Oúnjẹ Aago Kan

Ní aago kan ọ̀sán lójoojúmọ́, mo gbọ́dọ̀ ya fọ́tò oúnjẹ Màmá, arúgbó tí mò ń tọ́jú, kí n fi í ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwo nìkan kò tó. Ọwọ́ Màmá gbọ́dọ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà, kí ó má baà jẹ́ pé oúnjẹ ẹlòmíràn ni mo yà. Nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, inú bí mi gan-an. Ṣé mo jọ olè ni? Mo dáhùn pé, "Ó dáa, Àǹtí," ṣùgbọ́n bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí ni mo yínmú sí i. Mo ti wá mọ̀ pé òun ló jàre.

Iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń wá olùtọ́jú fún àwọn arúgbó ní Àkrà ló gbà mí síṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ wa: bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn, bí a ṣe ń fún un ní oògùn, bí a ṣe ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà bóyá egbò ti yọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Yorùbá ni mí, wọ́n ní iṣẹ́ mi ti dé. Ìyá Alátà kan, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Gánà, ń dá gbé ní Lagos Town, àdúgbò kan ní Àkrà níbẹ̀, ó sì ti lé olùtọ́jú méjì lọ nítorí pé wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Aṣọ ni òun àti ọkọ rẹ̀ tà tí wọ́n fi kọ́ ilé náà. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ sì ti lọ sókè òkun. Mo ń wọ ọkọ̀ akérò trotro láti Lapaz láàárọ̀, mo sì ń padà sílé nírọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀.

Ilẹ̀ Gánà níbí ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà Yorùbá tèmi kò tó ti Màmá. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Yorùbá rẹ yìí, ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé láti fi iyọ̀ sí." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, mi ò kì í rẹ́rìn-ín.

Kí ààwẹ̀ ọdún yẹn tó dé ni iṣẹ́ náà ti sú mi. Màmá kò ní ẹlòmíràn tó lè bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi náà ni mo sì ń gba gbogbo ìbínú tó ń bí i. Bí ọmọ rẹ̀ kò bá pè é, á ní mò ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Bí orí rẹ̀ bá ń fọ́ ọ, á ní omi tútù tí mo bù fún òun ló fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ló burú jù. Kì í fẹ́ jẹun. Màá gbé ẹ̀kọ wá, kò ní fẹ́. Màá gbé ìrẹsì wá, á dijú. Ó lè gba wákàtí kan kí n tó bẹ̀ ẹ́ jẹ ṣíbí mẹ́rin, lójoojúmọ́. Ìyá tó bí mi ń gbé ní Mamobi, tí kò jìnnà rárá sí ilé Màmá, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo sì ń rí i. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà, oorun ni mo máa ń sùn. Mo kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wà nínú báàgì mi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbà náà ni ààwẹ̀ Ramadan wọlé. Àáfà àdúgbò wá kí Màmá, ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún aláìsàn, kó máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, Ọlọ́run yóò gbà á. Màmá ní òun ti gbọ́. Bí Àáfà ṣe jáde, ó kọjú sí mi.

"Ọmọ yẹn! Èmi ni mò ń nu ikun imú rẹ̀ nígbà tó wà nílé kéú. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá ni mo ti ń gbààwẹ̀, mi ò ní torí ṣúgà dá a dúró. Má sọ fún ọmọ mi o."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Wọ́n tọ́ mi dáadáa. Bí ẹni tó ju ìyá mi lọ bá ti sọ̀rọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" ló máa ń jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú rárá. Bákan náà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí. Ta ni mí tí màá fi sọ fún Mùsùlùmí pé kó má gbààwẹ̀? Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an ni pé mo rí ìsinmi. Kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án, kò sí ṣíbí mẹ́rin. Mo bo ọ̀lẹ mi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Fọ́tò ńkọ́? Màmá fúnra rẹ̀ ló yanjú ìyẹn. Ní aago kan, màá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tòun ti tẹ̀súbáà, màá sì yà á. "Ọwọ́ mi ń jẹun, ikùn mi ń gbààwẹ̀," ló máa ń wí, tí àwa méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á ní kí n lọ jẹ ẹ́, kó má bàa ṣòfò. Lọ́jọ́ kìíní, ìdúró ni mo jẹ ẹ́ nínú ilé ìdáná. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, mo ti ń jókòó jẹ ẹ́, mo tún ń bu ata shito sí i.

Ọmọ rẹ̀ á dá èsì padà láti Lọ́ńdọ̀nù pé, "Ọlọ́run á bù kún ẹ, àbúrò mi. Mo rí i pé wọ́n ti ń jẹun báyìí." Mo gbàgbé lẹ́tà inú báàgì mi. Ìgbà tí mi ò ṣe iṣẹ́ náà mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo mọ̀. Kí n tó lọ sílé nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi oúnjẹ sàárì rẹ̀ sínú kúlà, màá sì to oògùn ṣúgà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá lo oògùn yẹn gbọ́dọ̀ jẹun léraléra lọ́jọ́ náà, torí ó lè fa ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ jù. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń to oògùn náà síbẹ̀, mo sì ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlá, mo jẹun yó, mo sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìró bútà tó já lu sìmẹ́ǹtì ló jí mi. Mo bá Màmá nílẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́. Ó ti fọ ẹsẹ̀ kan, kò tíì fọ èkejì. Òógùn ti bò ó, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló sì fi ń pè mí. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ ní aago kan ni ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó sáré lọ bu ṣúgà. Kò mọ ibi tó wà, síbẹ̀ ó pa ẹnu dé mọ́ mi lọ́wọ́, torí pé oòrùn kò tíì wọ̀. Ìka ni mo fi ya ẹnu rẹ̀ kí n tó rí ṣúgà náà fi pa á ní èrìgì.

Aládùúgbò kan bá mi gbé e sínú takisí dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fi omi ṣúgà sí i lára, nígbà tó sì yá, ó lajú. Ọmọ rẹ̀ ti wà lórí fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń sunkún. Nọ́ọ̀sì bi mí ní Twi pé, "Maame adidi anaa?" ó fẹ́ mọ̀ bóyá Màmá ti jẹun. Mo wo fóònù. Mo ní ó jẹun ní aago kan.

"Wọ́n jẹun, mo rí fọ́tò rẹ̀!" ni ọmọ rẹ̀ ń pariwo. "Màámi, ṣé ẹ jẹun?"

Màmá yíjú sí mi. Obìnrin yìí kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ aládùúgbò lẹ́yìn nínú oṣù yẹn. Ó ní irọ́ àti òfófó ń ba ààwẹ̀ jẹ́.

"Ó fún mi jẹ," ló wí. "Mo jẹ ẹ́ tán."

Nígbà tí mo pa fóònù, mo mú nọ́ọ̀sì lọ sí kọ̀rọ̀, mo jẹ́wọ́ fún un, nítorí oògùn ṣúgà tí Màmá lò láìjẹun. Ó bú mi dáadáa, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ títí di òní.

Màmá padà sílé, kò gbààwẹ̀ mọ́. Ó ń jẹun lọ́sàn-án láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àwo mọ́ra, á jẹ ẹ́ tán, á sì ní kí n ya fọ́tò àwo òfìfo. Ọmọ rẹ̀ sọ fún ọ̀gá mi pé èmi ni mo gba ẹ̀mí ìyá òun là. Ọ̀gá mi ní kí àwọn yòókù wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ti fara da èébú nínú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìyìn náà ni mi ò lè fara dà. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, mo mú lẹ́tà jáde nínú báàgì, mo lọ fún wọn.

Lọ́jọ́ tí mo lọ dágbére, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ti múra láti sọ òótọ́ fún un, Ọlọ́run mi gbọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, Màmá. Omi tí mò ń gbé láti ibi ẹ̀rọ yẹn ni."

"Háà! O ò sì sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Ó ní kí n jókòó, kí n yíjú sọ́hùn-ún, kí n ká bùláòsì mi sókè. Ó bu róòbù, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀yìn fún mi, ó ń kí mi pé kú ìrọ́jú, ó ń bi mí bóyá ibẹ̀ ni. Mo ní ibẹ̀ ni.

Kò síbi tó ń dùn mí. Mo jókòó síbẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.