Bọ́tìnnì Tí Kò Lórúkọ

Títí dòní, bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Arcella, nílùú Òyìnbó níbí, citofono, aago ẹnu ọ̀nà tí a ń tẹ̀ pe onílé, ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Gbogbo wa la lẹ orúkọ wa mọ́ bọ́tìnnì wa. Ti màmá Òyìnbó tó gbé ìsàlẹ̀ wa nìkan ló ṣófo. Nígbà ayé wọn, wọ́n máa ń ní, "Ẹ kan ilẹ̀kùn. Orúkọ wúwo."

Àwòrán ọkọ̀ ogun kan wà ní pálọ̀ wọn, wọ́n dojú rẹ̀ kọ ògiri. Lọ́jọ́ tí mo bu ọbẹ̀ lọ fún wọn, mo béèrè nípa rẹ̀. Wọ́n ní atukọ̀ ni bàbá àwọn, ó kú sójú ogun, ìjọba wá fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ tuntun tó ń sin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lójú òkun.

Inú mi dùn. Mo ní, "Bàbá yín padà wá nìyẹn, màmá. Ìyá mi kú kí n tó bímọ, Yétúndé ni mo sọ ọmọ mi."

Wọ́n wò mí títí. "Ọkọ̀ yẹn náà rì. Àwọn ọmọ àdúgbò wa bá a lọ. Ọmọdé ni mí, bí àwọn ìyá wọn bá ti rí mi, wọ́n á ní, 'Bàbá ẹ ló pa ọmọ mi.'"



Mo gòkè lọ pe ọmọ mi wá jẹun. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mamma, che c'è?", ó ń béèrè ohun tó dé. Mo lanu láti pe Yétúndé, orúkọ náà kọ̀, kò jáde.