Ọkùnrin Onídà Tó Ń Lọ sí Iléṣà

Òórùn eruku tó ń gbóná lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo fi máa ń rántí ṣọ́ọ̀bù náà. Òórùn yẹn, àti ti èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, àti ti òógùn àwa ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé tí a ò dúró bọ́ aṣọ. Inú kọ̀rọ̀ kan ní Alekuwodo, ní Òṣogbo, ló wà, láàárín ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan àti ti ẹni tó ń ta ọṣẹ. Bí o bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí, torí wọ́n ti wó gbogbo rẹ̀, wọ́n ti fi ibẹ̀ kọ́ ilé alájà. Ṣùgbọ́n èmi, tí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì lè na ọwọ́ kan páàdì géèmù tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti yọ, tí wọ́n fi téèpù dì bí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́.

Obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ará Iléṣà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Onígéèmù. Ọkọ rẹ̀ ló ra àwọn ẹ̀rọ. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tán, ó gbéra lọ sí Òkè-Ọya láti wá iṣẹ́ tó lówó lórí sí i, ó ní òun ń bọ̀. Àwa ọmọdé kò bèèrè ibi tó wà. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìyá náà kì í fọwọ́ kan páàdì rárá, pé ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí tòun ti abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀, àti pé fìtílà kan wà lójú fèrèsé tó máa ń tàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹlòmíràn á ti pariwo lé wa lórí ní ìgbà àìmọye. Ní tirẹ̀, ó kàn máa wò ọ́ títí tí ojú á fi tì ọ́, tí wàá sì gbé páàdì fún ẹni tó kàn.

Géèmù tó gba gbogbo ọkàn wa ni ti ọkùnrin onídà. Ọkùnrin kan ni, ó fi aṣọ bo imú, ó ń sáré, ó ń fò, ó sì ń gé ẹnikẹ́ni tó bá dí i lọ́nà. Síìdì àdàkọ ni, èdè àwọn tó ṣe é ló wà lórí rẹ̀, ìkọ̀wé tó dà bí ìgbà tí adìẹ rìn lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù. Kò sí ẹni tó lè kà á. Ìyẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò tíì kàn. Ọ̀kan á ní olè ni ọkùnrin náà, òmíràn á ní ọlọ́pàá ni, wọn á sì fa ara wọn láṣọ. Ní ọjọ́ kan tí ìjà yẹn fẹ́ kọjá ẹnu, ìyá náà sọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wo tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ẹ kàn ń yọ ara yín lẹ́nu. Ulé ni ọkùnrin yẹn ń lọ.”

Ulé ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé, o kúkú mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, a ní ìtàn. Ìyá náà ní ọkùnrin yẹn lọ ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀, ó ti parí iṣẹ́, ó ń padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní Iléṣà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà lójú ọ̀nà tí wọn ò fẹ́ kó délé. Òṣogbo ni sítéèjì àkọ́kọ́. Èyí tó ní afárá di Ìbòkun. Èyí tó gbẹ̀yìn di Iléṣà fúnra rẹ̀, níbi tí wàá ti rí ilé kékeré kan lórí òkè. Gbogbo rẹ̀ dúdú, kò sì hàn dáadáa, àfi nǹkan pupa rúsúrúsú kan lójú fèrèsé. Ìyá Onígéèmù ní ìyàwó ọkùnrin náà ló tan fìtílà sílẹ̀ dè é. Ẹni tó bá bá géèmù dé ibẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló máa ń bá a yọ̀ bí ẹni pé àlejò gidi ló wọlé. Títí di òní, bí wọ́n bá pe ẹnikẹ́ni nínú wa lórí fóònù pé ibo ló dé, “Mo ti dé Ìbòkun” la máa ń sọ, kódà bó jẹ́ Ìbàdàn la ti ń bọ̀.

A dàgbà, a fọ́n ká. Ìyá Onígéèmù ta ìwọ̀nba ẹ̀rọ tó kù, ó padà sí Iléṣà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ kò ti Òkè-Ọya dé mọ́. Wọn ò gbé òkú rẹ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mú ìròyìn rẹ̀ wá. Èmi náà rí iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àgbéyẹ̀wò géèmù ní Yorùbá sórí ìkànnì kékeré kan. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló kan obìnrin bíi tèmi kan géèmù. Mi ò kì í dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni, wọn ò ní bèèrè.

Ìgbà yẹn ni ìròyìn kàn pé wọ́n ti tún ọkùnrin onídà ṣe, pé wọ́n ti gbé e jáde ní tuntun. Àwọn lámèyítọ́ òkè òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Wọ́n yin bí idà ṣe ń dún, wọ́n yin bí òjò ṣe ń rọ̀ sára aṣọ rẹ̀. Àwọn díẹ̀ kùn pé ó ti le jù fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tó sì ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí ni ìparí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé òun sunkún. Mi ò ka àlàyé wọn dé òpin torí mi ò fẹ́ kí wọ́n bu adùn rẹ̀ kù fún mi, mo kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé fìtílà yẹn ló pa wọ́n lẹ́kún.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ káfíńtà, tí òun náà dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ló kọ́kọ́ ra géèmù náà. A péjọ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, àwa mélòó kan tó kù nítòsí. Lọ́tẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé wa, ì bá sì sàn ká ní kò tiẹ̀ yé wa. Ọkùnrin náà kò ti ìdálẹ̀ bọ̀. Jagunjagun ni, ọ̀gá rẹ̀ ló dà á, òun náà sì ń lépa ọ̀gá rẹ̀ kiri láti gbẹ̀san. Nígbà tí a dé ilé orí òkè yẹn, tí àwòrán ti wá mọ́ gaara báyìí, a rí i pé nǹkan pupa ojú fèrèsé yẹn kì í ṣe fìtílà. Ilé ọkùnrin náà ló ń jó. Ó ti pẹ́ jù kó tó dé, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ́.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní wọ́n ti bà á jẹ́. Ẹnì kan ní rárá o, bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, ìyá yẹn ló purọ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo dìde láti bá a jà, àgbà tí mo dà yìí. Irọ́ wo? Ìyá tó ń fi òwú rán aṣọ wa tó ya, tó ń fi ẹnu la ìjà wa?

Ibi tí mo ti ń rò ó pé báwo ni mo ṣe máa kọ àgbéyẹ̀wò mi ni ọmọ Ìyá Onígéèmù ti pè mí. Ó ní ìyá gbọ́ lórí rédíò pé géèmù náà ti padà dé, kò sì jẹ́ kí àwọn sinmi, pé kí a gbé e wá. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, èmi ló fẹ́ kí n wá sọ ọ́ fún òun, torí èmi ni ẹnu mi dùn jù nígbà yẹn. Háà. Báwo ni màá ṣe sọ fún obìnrin tó retí ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pé ilé ló jó?

Èmi àti Káfíńtà la jọ lọ. Nínú ọkọ̀, ó ní kí n sọ ìtàn tàtijọ́ fún ìyá, ojú rẹ̀ kò kúkú ríran, ta ni yóò mọ̀? Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lọ́kàn mi. Ọkọ̀ gba Ìbòkun kọjá, kò sì sí ẹni tó sọ pé “Mo ti dé Ìbòkun” nínú àwa méjèèjì.

Iná ẹnu ọ̀nà ilé wọn ń tàn ní ọ̀sán gangan. Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé pẹ̀lú ẹ̀rín pé ìyá ni kì í jẹ́ kí àwọn pa á, pé ọ̀rọ̀ owó iná ti sú òun í sọ. A kúnlẹ̀, a kí i. Ó fi ọwọ́ wá orí mi, ó bèèrè àwọn ọmọ mi, ó bi Káfíńtà bóyá ó ti fi ojú kan ìyàwó báyìí tàbí ó ṣì ń wojú kiri. Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó so géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Mo sọ bó ṣe kúrò ní Òṣogbo. Mo sọ bó ṣe ja ìjà orí afárá ní Ìbòkun. Ìyá na etí sílẹ̀, ó ń mi orí, ó ní ìró idà wọn ti dára sí i. Inú rẹ̀ dùn, inú tèmi náà dùn, mo tiẹ̀ gbàgbé ohun tó wà níwájú.

Lẹ́yìn náà ni orin rẹ̀ lọ sílẹ̀, ilé orí òkè yọ. Ìyá jókòó dáadáa.

“Ṣé wọ́n ṣì tan fìtílà sílẹ̀ dè é?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò pọ̀ láti Òṣogbo, mi ò rí ọ̀kan mú nínú rẹ̀. Káfíńtà ń wò mí, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n dáhùn. Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú.

“Má bẹ̀rù. Èmi ni mo tan fìtílà yẹn, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ yéé jà ni. Kí ni wọ́n fi síbẹ̀?”

“Ilé ń jó, Màmá,” ni mo sọ. “Ó pẹ́ jù kó tó dé.”

“Ìyàwó ńkọ́?”

“Kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Òjò inú géèmù ń rọ̀, òun náà ń gbọ́ ọ. Kò bínú.

“Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. Mo gbọ́ bí òjò yẹn ṣe ń rọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì dúró de ènìyàn rí.”

Ó wá ní kí ọmọ rẹ̀ gbé iyán fún wa kí a tó lọ, ó ní a ti rù. A jẹun, a sọ̀rọ̀ àwọn tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rántí wọn pẹ̀lú ìwà jàgídíjàgan oníkálukú. Nígbà tí a ń lọ, ọmọ rẹ̀ sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ láti pa iná yẹn. Mi ò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó wo iná náà, ó sì sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo kọ àgbéyẹ̀wò mi. Mo yin ohun tó yẹ kí n yìn, torí iṣẹ́ gidi ni àwọn ènìyàn yẹn ṣe, òótọ́ sì ni àwọn lámèyítọ́ yòókù sọ. Nípa ìparí, mo kọ ohun tí ìyá kan ní Iléṣà sọ síbẹ̀, bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un. Àwọn kan bú mi pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà tí a ń gbà ṣe lámèyítọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ka gbogbo tiwọn, mi ò rí ẹnì kankan nínú wọn tó bèèrè ìyàwó.

Mo ra géèmù náà fún ara mi, mo sì máa ń gbá a bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, mo lè bá a dé òpin bí mo bá fẹ́. Mi ò kì í dé ibẹ̀. Tí mo bá ti ja ìjà orí afárá tán, màá pa ẹ̀rọ náà. Ní Ìbòkun ni mo máa ń fi ọkùnrin náà sílẹ̀ sí, lójú ọ̀nà ulé, níbi tí kò tíì pẹ́ jù.