Ọjọ́ tí Mo Kọrin Dá sí Fiúgù Dọlápọ̀

Ọjọ́ Sátidé tí Dọlápọ̀ ọmọ mi lọ fi dùùrù díje ní Downtown, àárín ìlú, ni mi ò lè gbàgbé. Bó bá yege, á wọ ilé ìwé orin tó ti ń wù ú tipẹ́.

Fiúgù ló fẹ́ tẹ̀, orin àtijọ́ tí ohùn kan á kọ́kọ́ dá bẹ̀rẹ̀, tí ìkejì á gba ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu rẹ̀, tí ìkẹta á tún dá sí i nísàlẹ̀, tí ìkankan ò sì ní dákẹ́ fún èkejì. Nílé wa, àrífín nìyẹn. Síbẹ̀, nítorí pé akọrin ìjọ ni mí, èmi ni mo máa ń kọ ohùn kejì fún un tí mo bá ń dáná, kó lè máa dá a mọ̀.

Láti ibi iṣẹ́ shift mi ní Conyers ni mo gba ibẹ̀ lọ. Bí mo ṣe jókòó ni oorun gbé mi lọ. Nígbà tí ohùn kejì wọlé, ẹnu mi là fúnra rẹ̀, mo gbé orin náà sókè bí ẹni tó wà nídìí ìkòkò. Ìgbà tí mo lajú, gbogbo èèyàn ló ń wò mí. Ọwọ́ Dọlápọ̀ ò dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ parí.

Wọn ò mú un.

Nínú mọ́tò, mo ní, "Má bínú, ó rẹ̀ mí ni."

Ó ní, "Mummy, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wọlé gan-an lẹ wọlé. Ẹ ò pẹ́."

Láti kékeré rẹ̀, mi ò dé ìpàdé òbí kankan lásìkò rí, mi ò sì lọ mú un nílé ìwé lásìkò rí. Ọjọ́ tí mo wá dé lásìkò, oorun ni mo ń sùn.